Ẹ̀kọ́ Ìlera: Bí Ẹ̀jẹ̀ Bá Dì Nínú Iṣan Ẹsẹ̀

Bí a bá gbọ́ pé ìyá ọlọ́mọ tuntun kan, tí ara rẹ̀ ti ń mókun, tí ó jẹun òwúrọ̀ tán, tí ó sì dìde láti lọ wẹ̀, ṣàdédé ṣubú lulẹ̀, tí kò lè mí délẹ̀ mọ́ títí ó fi dákẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kọ́kọ́ wí ni pé ọwọ́ ayé ni. Wọn yóò máa bi ara wọn léèrè ẹni tí ó wá kí i ní àná, ẹni tí ó gbé ọmọ rẹ̀, àti ẹni tí ó gbé oúnjẹ wá fún un. Ilé méjì lè di ọ̀tá ara wọn nítorí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ wádìí, a lè rí i pé láti bí ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn ni ẹsẹ̀ kan ìyá náà ti wú, tí ó sì ń dùn ún; pé wọ́n ti fi omi gbígbóná àti òróró wọ́ ẹsẹ̀ náà fún un; àti pé kò sí ẹni tí ó rò pé ẹsẹ̀ wíwú lè ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú èémí.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ní í ṣe. Àìsàn tí ó so ẹsẹ̀ wíwú mọ́ èémí ni ẹ̀kọ́ yìí dá lé lórí, èyíinì ni ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan. Kì í ṣe gbogbo ikú òjijì ni ó ń fà, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn tí a lè dènà, tí a sì lè wò sàn bí a bá tètè mọ̀ ọ́n.

BÍ Ẹ̀JẸ̀ ṢE Ń RÌN

Oríṣi iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá méjì ni ó wà nínú ara. Oríṣi kìíní ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn lọ sí orí, ọwọ́, ikùn àti ẹsẹ̀. Oríṣi kejì ń kó ẹ̀jẹ̀ náà padà wá sí inú ọkàn. Èyí tí ń kó ẹ̀jẹ̀ padà ni ọ̀rọ̀ wa lónìí kàn.

Ẹ̀jẹ̀ tí ń ti àtẹ́lẹsẹ̀ padà sí ọkàn, òkè ni ó ń gùn. Ohun méjì ni ó ń ràn án lọ́wọ́. Èkínní ni ẹran ẹ̀yìn ojúgun. Nígbàkúùgbà tí a bá gbé ẹsẹ̀ rìn, ẹran yìí a máa fún iṣan tí ó wà láàárín rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì máa lọ sí òkè. Èkejì ni àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tí Ẹlẹ́dàá ṣe sí inú iṣan náà, tí wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti gòkè tún padà sí ìsàlẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó bá ń rìn ń ran ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá jókòó tàbí tí ó dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìmira, ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa fà.

Kí ẹ̀jẹ̀ dì kì í ṣe ohun búburú ní ti ara rẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá bù wá lọ́wọ́ níbi tí a ti ń bẹ iṣu, ẹ̀jẹ̀ yóò dà díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò dì sí ojú ọgbẹ́, yóò sì dá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọgbẹ́ kékeré ìbá máa pa ènìyàn. Ìjàǹbá ń bẹ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dì ní inú iṣan níbi tí kò sí ọgbẹ́ tí ó ń dí. Nígbà náà ni yóò di ọ̀nà mọ́ ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn, tí ẹsẹ̀ yóò sì wú. Èyí tí ó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé ègé kan lára ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè já. Yóò gba inú itan kọjá sí ikùn, yóò dé inú ọkàn, ọkàn yóò sì tì í sí inú ẹ̀dọ̀fóró. Ibẹ̀ ni iṣan ti tún ń tẹ́ẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni yóò há sí. Bí ó bá kéré, èémí a máa nira. Bí ó bá tóbi, ó lè pa ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

OHUN MẸ́TA TÍ Ó Ń FÀ Á

Oníṣègùn kan ní ilẹ̀ Jámánì, Rudolf Virchow, ni ó fi hàn ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún pé ẹ̀jẹ̀ dídì tí a ń bá nínú ẹ̀dọ̀fóró lè jẹ́ èyí tí ó já wá láti inú iṣan ibòmíràn. Ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 1821 ni a bí i. Láti ọdún 2014 sì ni a ti ń fi ọjọ́ ìbí rẹ̀ yìí ṣe àyájọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì káàkiri àgbáyé.

Títí di òní, ohun mẹ́ta ni àwọn dókítà ń wò bí wọ́n bá ń wádìí ohun tí ó fa àìsàn yìí. Èkínní, kí ẹ̀jẹ̀ máa fà tàbí kí ó dúró. Èkejì, kí ara iṣan fara pa. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ máa tètè dì ju bí ó ti yẹ lọ.

Ẹni tí ó bá ń ro ẹ̀kọ́ lórí iná yóò mọ ìtumọ̀ ti èkínní. Ògì tí a bá ń rò láìdáwọ́ dúró kì í di kókó. Èyí tí a bá fi sílẹ̀ ni yóò dì lójú ìkòkò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbàgbé pé ohun mẹ́ta yìí lè pàdé lára ẹnì kan ní ìgbà kan náà. Ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní itan, iṣan rẹ̀ ti fara pa, ó wà lórí ibùsùn láìrìn, ara rẹ̀ sì ti mú ẹ̀jẹ̀ gbára dì láti dí ojú ọgbẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń lé aláìsàn dìde lórí ibùsùn ní ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí kò mọ̀dí lè pè é ní ìkà, àánú ni.

ÀPẸẸRẸ LÁTI ÌLÚ LỌ́ŃDỌ̀NÙ

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1940, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọkọ̀ òfuurufú Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí ju bọ́ǹbù sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní òròòru. Àwọn ará ìlú a máa sá lọ sí abẹ́ ilẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, wọn a sì máa wà níbẹ̀ di òwúrọ̀. Nítorí pé kò sí ibùsùn tí ó tó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sùn ní ìjókòó lórí àga aláṣọ tí a ń ká pọ̀, tí igi iwájú rẹ̀ ń tẹ̀ wọ́n lábẹ́ itan ní gbogbo òru.

Kò pẹ́ tí dókítà kan tí ń yẹ òkú wò, Keith Simpson, fi ṣàkíyèsí pé iye àwọn tí ń kú ikú òjijì nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró ti di ìlọ́po mẹ́fà iye ti irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú. Bọ́ǹbù kò kàn wọ́n. Àwọn mìíràn kú bí wọ́n ti dìde ní òwúrọ̀ láti máa lọ sí ilé. Ìjókòó ni ó fa ti wọn. Ó kọ ọ̀rọ̀ náà sí inú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ní ọdún 1940 náà, ó sì gbani níyànjú pé kí a pèsè ibùsùn dípò àga.

Àǹfààní ẹ̀kọ́ yìí kò tán lára wa. Ní ọdún 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi hàn pé ẹni tí ó bá rin ìrìn àjò tí ó tó wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìjókòó, ewu ẹ̀jẹ̀ dídì rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ìbáà ṣe nínú ọkọ̀ òfuurufú, nínú ọkọ̀ ojú irin tàbí nínú ọkọ̀ ilẹ̀. Ewu náà kò pọ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń wọ bọ́ọ̀sì láti Èkó lọ sí Kánò, tàbí tí ń fò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Mẹ́kà, tí ó sì tún ní ọ̀kan nínú àwọn ohun tí a fẹ́ kà wọ̀nyí lára, ó yẹ kí ó kíyè sára.

ÀWỌN TÍ Ó YẸ KÍ WỌ́N ṢỌ́RA

Èkínní ni aláboyún. Oyún a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, kí ìyá má baà pàdánù ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nígbà ìbímọ. Ewu náà tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti obìnrin tí kò lóyún, ó sì tún ń ga sí i ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ, pàápàá fún ẹni tí a fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún. Èkejì ni ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá fún, tàbí tí eegun itan tàbí ti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí ó dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹ̀kẹrin ni ẹni tí ó ní àrùn jẹjẹrẹ. Ẹ̀karùn-ún ni àwọn tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ̀kẹfà ni obìnrin tí ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí ó ní èròjà estrogen nínú. Kí ó má ṣe bẹ̀rù, ṣùgbọ́n kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì nínú iṣan rẹ̀ rí, nítorí ọ̀nà mìíràn wà tí a lè fún un. A tún ní láti ka ẹni tí ó sanra jọ̀kọ̀tọ̀, àgbàlagbà, ẹni tí àìsàn yìí ti ṣe rí, àti ẹni tí ó ti ṣe òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀.

Àwọn kan ń wí pé àrùn òyìnbó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí a ṣe ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ó ń ṣe àwọn ènìyàn dúdú tí ń gbé níbẹ̀ ju àwọn ènìyàn funfun lọ.

ÀMÌ TÍ A FI Ń MỌ̀ Ọ́N

Ní ti ẹsẹ̀: ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń wú, láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀. Yóò máa dun ni ní ẹ̀yìn ojúgun tàbí ní itan, bí ẹni pé iṣan fà. Bí a bá fi ọwọ́ kàn án, yóò gbóná ju èkejì lọ. Ìwé àwọn aláwọ̀ funfun a máa sọ pé ó ń pọ́n. Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n náà lè má hàn, kí awọ ibẹ̀ kàn dúdú sí i, kí ó sì máa dán. Jàbùtẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ti jàbùtẹ̀. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá sì wú pọ̀, ó lè jẹ́ àìsàn ọkàn tàbí ti kíndìnrín, èyí tí ó yẹ kí dókítà wò pẹ̀lú.

Ní ti ẹ̀dọ̀fóró: èémí á ṣàdédé nira, àyà á máa dun ni nígbà tí a bá mí sínú, ọkàn á máa lù kìkì, òòyì lè kọ́ ni, a sì lè wú ikọ́ tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí àmì wọ̀nyí kò gbọdọ̀ dúró di ọjọ́ kejì. Kí a gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ní kíá, ìbáà jẹ́ ní òru.

Nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ẹsẹ̀ láìsí àmì kankan. Nítorí náà, èémí tí ó ṣàdédé nira fún ẹni tí ó wà lára àwọn tí a kà lókè yìí, ọ̀rọ̀ kánjúkánjú ni, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá tilẹ̀ wú.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ A ṢE

Ẹ má ṣe wọ́ ẹsẹ̀ tí ó ṣàdédé wú. Ẹ má ṣe fi òróró tàbí ìpara gbígbóná ra á kíkankíkan. Ọwọ́ tí ń wọ́ ọ náà lè já ẹ̀jẹ̀ dídì inú rẹ̀ kúrò níbi tí ó wà, kí ó sì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ìyá àgbà tí ń wọ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ìfẹ́ ni ó fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ó fi ìfẹ́ kan náà wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Ẹ má ṣe sín gbẹ́rẹ́ sí i. Ẹ má ṣe fi ọjọ́ ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ pé ó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

ÌTỌ́JÚ RẸ̀

Ní ilé-ìwòsàn, dókítà yóò fi ẹ̀rọ tí ń fi ìró ya àwòrán inú ara wo iṣan ẹsẹ̀ náà. Ẹ̀rọ yìí kò dun ni, òun kan náà ni a fi ń wo ọmọ inú aláboyún. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ni a fura sí, a lè ní láti ya àwòrán àyà ní ilé-ìwòsàn ńlá.

Oògùn tí a ń lò kì í yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì náà fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má jẹ́ kí ó tóbi sí i, kí òmíràn má sì dì, kí ara lè ráyè yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Oògùn tí ń yọ́ ọ wà, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu gan-an ni a ń fún.

Heparin ni àkọ́kọ́ nínú àwọn oògùn wọ̀nyí. Ọdún 1916 ni a rí i ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà. Abẹ́rẹ́ ni a fi ń gbà á. Èkejì ni warfarin, tí ó ní ìtàn tí àgbẹ̀ yóò fẹ́ gbọ́. Ní àwọn ọdún 1920, màlúù bẹ̀rẹ̀ sí kú ní Kánádà àti ní àríwá Amẹ́ríkà. Ẹ̀jẹ̀ wọn kì í dá bí wọ́n bá fara pa. A wádìí, a sì rí i pé koríko gbígbẹ tí ó ti bu ni wọ́n jẹ. Karl Paul Link àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní Yunifásítì Wisconsin yọ èròjà tí ń ṣe iṣẹ́ náà jáde láti inú koríko yìí. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe warfarin, tí a kọ́kọ́ tà ní ọdún 1948 gẹ́gẹ́ bí oògùn eku. Ní ọdún 1954 ni a gbà kí ènìyàn máa lò ó. Nígbà tí àìsàn ọkàn kọlu Eisenhower, Ààrẹ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1955, ó wà lára oògùn tí a fún un. Ohun tí ó pa eku náà ni ó ń gba ènìyàn là. Ìwọ̀n ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ń lo warfarin kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù kún un tàbí kí ó dín in kù.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé oògùn yìí wúlò, kí ó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn dókítà méjì, Barritt àti Jordan, tẹ èsì ìwádìí wọn jáde ní ọdún 1960. Nínú ènìyàn 19 tí ẹ̀jẹ̀ dí ẹ̀dọ̀fóró wọn, tí a kò fún ní oògùn, 5 ni àìsàn náà pa. Nínú 16 tí a fún ní oògùn, kò pa ẹnì kan. Láti ìgbà náà, wọn kò tún fi oògùn náà du aláìsàn kankan.

Lóde òní, oògùn oníhóró tuntun bí rivaroxaban àti apixaban ti wà, tí kò gba àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹni tí ń lo warfarin ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ fún àyẹ̀wò tí a ń pè ní INR. Láàárín 2 sí 3 ni dókítà sábà máa ń fẹ́ kí ó wà. Aláboyún kì í lo warfarin tàbí àwọn oògùn tuntun yìí, nítorí wọ́n lè pa ọmọ inú lára; abẹ́rẹ́ heparin ni tirẹ̀. Lẹ́yìn ìbímọ, ìyá lè lo heparin tàbí warfarin kí ó sì máa fún ọmọ rẹ̀ lọ́yàn.

ÌLÀNÀ FÚN ẸNI TÍ Ń LO OÒGÙN

Ó kéré tán, oṣù mẹ́ta ni a ń lo oògùn yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi í sílẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá ti fọn. Àṣìṣe ńlá ni èyí, nítorí ẹ̀jẹ̀ náà lè tún dì. Ẹsẹ̀ tí a kò bá tọ́jú dáadáa lè máa wú fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí egbò àdáàjinná sì yọ ní ọrùn ẹsẹ̀.

Kí aláìsàn má ṣe lo aspirin tàbí oògùn ara ríro mìíràn láìbéèrè. Kí ó má ṣe da àgbo pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí ń lo warfarin lè jẹ ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n kí ó máa jẹ ẹ́ níwọ̀n kan náà. Kí ó má ṣe kọ̀ ọ́ fún oṣù kan, kí ó sì wá máa jẹ ẹ́ ní àjẹyíràá lójijì. Bí eyín bá ń ṣẹ̀jẹ̀ láìdá, bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìtọ̀, tàbí bí ó bá fi orí gbá ilẹ̀, ilé-ìwòsàn ni kí ó gbà lọ. Kí ó sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí yóò yọ eyín fún un tàbí tí yóò gún un ní abẹ́rẹ́ mọ irú oògùn tí ó ń lò.

BÍ A ṢE LÈ DÈNÀ RẸ̀

Kí ìyá ọlọ́mọ tuntun máa dìde rìn nínú ilé, bí kò bá tilẹ̀ tíì jáde sí ìta. Kí ẹni tí a fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún bi dókítà bóyá ó yẹ kí ó gba abẹ́rẹ́ ìdènà, tàbí kí ó wọ ìbọ̀sẹ̀ tí ń fún ẹsẹ̀. Kí arìnrìn-àjò máa sọ̀kalẹ̀ nas ẹsẹ̀ níbikíbi tí ọkọ̀ bá ti dúró. Bí kò bá lè dìde, kí ó máa gbé gìgísẹ̀ àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè sódò lórí ìjókòó, kí ó sì máa mu omi.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN TÍ Ń KỌ́ Ẹ̀KỌ́ YÌÍ

1. Kí ni iṣẹ́ ẹran ẹ̀yìn ojúgun nínú rírìn ẹ̀jẹ̀?
2. Kí ni ó pa àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù tí bọ́ǹbù kò kàn ní ọdún 1940?
3. Báwo ni a ṣe lè mọ ìyàtọ̀ láàárín jàbùtẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ dídì?
4. Èé ṣe tí a kò gbọdọ̀ wọ́ ẹsẹ̀ tí ó ṣàdédé wú?
5. Ta ni nínú ilé yín tàbí ní àdúgbò yín tí ó yẹ kí ó gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí? Ẹ kà á sí i létí kí ilẹ̀ tó ṣú.